Kóòtù Orí Híítà

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti mú gbogbo Peckham ní London gbóná rí, láti Rye Lane dé Queens Road, láì dáná. Òórùn kóòtù tí ọmọ ọmọ mi sá sórí híítà lánàá ló rán mi létí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, ewé sì ń já bọ́ lára igi. Ọmọbìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní sickle cell, òtútù sì máa ń dá ìrora sí i lára. Síbẹ̀, ó gbà láti bá mi jókòó níta. Mo sá kóòtù méjì sórí híítà. Bí ọ̀kan bá ti tutù lára rẹ̀, màá sáré gun òkè lọ mú èkejì wá.

“Jókòó jẹ́ẹ́ jàre. Ṣé kóòtù lo wá bá ṣeré ni àbí èmi?”

“Òtútù ò ní mú ẹ níṣojú mi.”

“Òtútù ò mú mi.”

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ń fi eyín tẹ ètè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìrora ti bẹ̀rẹ̀ kó tó jáde wá bá mi.

Mo tún sáré lọ sókè. Kí n tó dé, Mummy rẹ̀ ti mú un wọlé.

Irọ́ tí mo pa gan-an ni ti ọwọ́ mi tí mo ní ó dì mú yẹn. Apá kóòtù ló dì mú. N kò jókòó pẹ́ tó kó lè di ọwọ́ mi mú.