Báàgì Tẹníìsì Tí Wọ́n Rán ní Kugbo

Mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí n má rántí ohùn ọ̀gá mi obìnrin ní iléeṣẹ́ ìjọba: "Kí lẹ fẹ́ fi gbé?" Ó bi dírẹ́kítọ̀ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tó ra jíìpù ńlá, tí òun àti ìwé ìròyìn ẹ̀ nìkan ń jókòó sí.

Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ́ ní báàgì tẹníìsì, ó kó rákẹ́ẹ̀tì méjì, bàtà, táwẹ̀lì àti ike omi lọ bá oníṣẹ́ àga ní Kugbo, l'Ábújá. Ó tò wọ́n sílẹ̀, ó ní kó fi awọ àga tó ṣẹ́kù rán èyí tó máa gbà wọ́n, kí bàtà sì ní àpò tirẹ̀, nítorí òógùn.

Báàgì náà jọ tìmùtìmù. Ní kíláàbù wa ní Maitama, báàgì àwọn èèyàn ń gba rákẹ́ẹ̀tì méjìlá, àwọn tó ni wọ́n ò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Alága pè é.

"Màdáámù, báàgì yìí ń dójú tì wá. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, àbí kí ẹ má gbá tẹníìsì níbí mọ́."

"Ó dáa, Alága. Ẹ jẹ́ ká tú tèmi àti tiyín sórí bẹ́ǹṣì. Èyí tí ẹrù tẹníìsì bá pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kó dúró."

Ó tú tirẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí alága. Ó di síìpù tirẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè, àmọ́ òórùn súyà ti ń jáde.

"Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù," ni ọ̀gá mi wí. Ó mú rákẹ́ẹ̀tì kan, ó wọ pápá lọ.