Orógbó Inú Àpò Kóòtù Òyìnbó

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá wọ kóòtù nínú yín, kó kọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí agbára ṣì wà, ilé iṣẹ́ kan ní Ìjọ́rà ni mo ti ń ránṣọ. Kóòtù là ń rán. Òkè òkun ni bọ́tìnì ti ń wá, ibẹ̀ ni òwú ti ń wá, ibẹ̀ náà ni aṣọ inú rẹ̀ ti ń wá. Tiwa níbẹ̀ ò ju ọwọ́ àti òógùn lọ. Nígbà tí náírà wá yọ̀ ṣubú, bọ́tìnì ò dé mọ́. Bọ́tìnì kékeré ló pa odidi ilé iṣẹ́. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ohun tó wá ń dé sí Àpápá ni bọ́síkọ̀rọ̀, aṣọ tí òyìnbó wọ̀ títí tó fi sú wọn. Ọkọ̀ ńlá ń kó béèlì rẹ̀ gba Creek Road kọjá lójú wa.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan wá sí Ajégúnlẹ̀, ó pè mí mọ́ra. Kóòtù tuntun tá a rán so kọ́ bí àdán. Àwọn èèyàn á fọwọ́ pa á, wọ́n á ní ti ìhín ni, wọ́n á sì kọjá sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta bọ́síkọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyàwó ọ̀gá là á mọ́lẹ̀: bí ọjà ò bá tà kí ààwẹ̀ tó parí, òun á ta ẹ̀rọ náà, káwọn padà sóko lọ gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀gá ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú.

Obìnrin aláṣọ yẹn ló dá ọgbọ́n. Ó ní ká jókòó lé kóòtù wa títí á fi rún, ká fi káńfọ̀ sí i kó lè máa rùn bí aṣọ òkè òkun, ká dì í sínú béèlì òfìfo. Nígbà tó já béèlì náà lójú ọjà, àwọn tó kọjá lára kóòtù yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń fa apá rẹ̀ ya mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń ra bọ́síkọ̀rọ̀, àpò ló máa ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀, bóyá òyìnbó gbàgbé owó síbẹ̀. Akọ̀wé kan láti Warehouse Road tọwọ́ bọ àpò, ó bá fa orógbó yọ, ojú eyín lára rẹ̀. Ọ̀gá wa kì í ránṣọ láìjẹ orógbó. Òun ló fi ń dán àpò wò bó bá rán an tán, ó sì gbàgbé eléyìí síbẹ̀. Mo wẹ̀yìn, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

“Ìyá, òyìnbó wo ló ń jẹ orógbó?”

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Akọ̀wé, ọmọ wa tó wà ní London ló wọ̀ ọ́. Àbí ẹ rò pé òyìnbó ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ara wọn?”

Akọ̀wé ju orógbó sílẹ̀, ó gbé kóòtù wọ̀. Ti òyìnbó gidi máa ń bo ọwọ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ eléyìí ṣe rẹ́gí.

“Abájọ,” ó ní. Ó wá rọra bi í bóyá ọmọ wa yẹn ju òmíràn sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ fi ya dé, kóòtù ọmọ wa ni wọ́n ń bèèrè. Èyí tí wọn ò bá bá orógbó nínú rẹ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni. Bí ìyàwó ọ̀gá tó fẹ́ ta ẹ̀rọ ṣe di ẹni tó ń ra orógbó ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ààwẹ̀ parí, ẹ̀rọ ò kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá ọ̀gá, ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún ẹ̀rọ. Ó ń rán kóòtù, ó sì ń kọ Ajégúnlẹ̀ sí ọrùn kóòtù náà gbangba. Obìnrin aláṣọ jogún oníbàárà. Béèlì bọ́síkọ̀rọ̀ ló jogún ilé iṣẹ́ wa ní Ìjọ́rà, ibẹ̀ ni wọ́n ń tò ó jọ sí. Èmi ni mo ṣa orógbó tí akọ̀wé jù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti le bí òkúta báyìí, ojú eyín ọ̀gá ṣì wà lára rẹ̀.