Pẹ́pẹ́yẹ Tó Ń Tiro

Kí ó di mímọ̀ fún tẹrú-tọmọ pé Qiu Suyun kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ó ti jẹ ẹyin méjì tí wọ́n fi omi tíì sè. Lẹ́yìn náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Taipei, níbi tí òun àti Ọ̀gá Jian ti ń sọ káàtúùnù olókìkí di eré afòkè-fodò tí àwọn ọmọdé ń tẹ bọ́tìnnì ṣe, fún ẹ̀rọ eré orí tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni káàtúùnù rí.

Oṣù mẹ́fà ni Suyun fi ya pẹ́pẹ́yẹ inú káàtúùnù kan sínú eré wọn. Ó ṣèèṣì ya ẹsẹ̀ òsì kúrú, ẹyẹ náà sì ń tiro. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, ó sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rí eré ilé-iṣẹ́ mìíràn lórí àtẹ, tí ẹni tó ń tà á ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ló ń tiro bọ̀ yìí! Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi tiwọn rọ́pò. Ó rí i lára bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó rà á, ó gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wo àwọn olè! Ẹ̀gbin gbáà! Títiro pàápàá, wọ́n jí i!"

Ọ̀gá Jian wo eré náà títí. "Ó mà mọ̀ ọ́n tiro o."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́pàá ni mò ń lọ bá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Jẹ́ n bá ọ kọ ìwé ẹ̀sùn." Ó kọ ọjọ́, ó kọ àdírẹ́sì, ó wá dáwọ́ dúró. "Ẹni tó ni pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Ta ni ká kọ síbẹ̀?"

Suyun gba bírò, ó sì tún dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, orúkọ ta ni kí wọ́n kọ?