Ìgbà tí Ológbò Ìyá Mi Ń Lá Ara Rẹ̀

Ojú mi yìí ló ṣe, kì í ṣe pé ẹnìkan wá sọ ọ́ fún mi. Mi ò kàwé kọjá píráímárì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa, kí àwọn sójà tó gbé ìjọba sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tó mi. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Òun ló ni ológbò tó ń lé eku lórí àwọn àpò mi, orí itan rẹ̀ ló sì máa ń sùn sí.

Ológbò yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Gbogbo ológbò ló ń lá ara, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èyí ń lá a bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò, títí irun ikùn rẹ̀ fi bó bí àtẹ́lẹwọ́. Bí ìyá mi bá fọwọ́ kàn án, á bù ú jẹ.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ológbò wo ló ń bu ẹni tó ń bọ́ ọ jẹ? Wọ́n rán an ni o!"

"Ìyàwó, ẹnu rẹ gùn bí ọ̀nà Ìjàn," ni ìyá mi dáhùn. "Ara ló ń ta á. Ẹ wo ohun tó kàn án lára."

Èmi mọ ohun tó kàn án. Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo fi ọ̀tapíápíá, oògùn tí a fi ń pa aáyán, pa á lára nítorí eégbọn. Bó ṣe ń lá ara sí i, mo ní eégbọn ò tíì tán, mo tún fi kún un.

Nígbà tí àwọn aládùúrà ìyàwó mi wá gbàdúrà, ọ̀kan nínú wọn ní ẹjọ́ ológbò kọ́, ẹjọ́ ẹni tó ń gbé e sùn ni. Ìyá mi jókòó síbẹ̀. Ọkàn mi ti ń fura sí ìgò oògùn yẹn, ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń júwe oògùn fún gbogbo àdúgbò, ojú tì mí. Mo ki ológbò bọ àpò, mo lọ tú u sílẹ̀ lọ́nà Ìjàn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi di ẹrù rẹ̀.

"Mò ń lọ sí ulé àbúrò mi ní Ìgbẹ́mọ." Ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó jáde.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn wá ra ìrẹsì. Mo bi í bí ẹni ń béèrè fún ará ilé kejì. Ó ní ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohun tí a bá fi pa irun rẹ̀, inú rẹ̀ ló ń lọ, awọ á máa ta á, ẹni tó bá sì kan ojú ibẹ̀, á bù ú jẹ.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìgbẹ́mọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá mi ò dáwọ́ dúró, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí mo bá ti gbé e, òórùn rẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Màámi?"

"Ìwọ ni mò ń retí."

Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó jàre. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ ti ohùn tí èèyàn gbé mì. Ológbò kan lọ. Àpò ìrẹsì mẹ́rin ni eku jẹ lọ́dún yẹn. Ìyá mi lo ọdún mẹ́fà sí i láyé, kò sì sùn nílé mi mọ́ lọ́jọ́ kan.