Ẹni Tó Pe Elúlùú

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sẹ́yìn ilé mi ní Mayfair ní Ifẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí mo gbọ́ elúlùú. Ohùn rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, hùú, hùú, hùú, bí omi tó ń jáde lẹ́nu akèrègbè. Mo gbójú sókè, n kò rí àmì òjò kankan.

Inú fóònù Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, ni ohùn náà ti ń wá. Ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ní ìdájí, yóò gbé máìkì onírun kan tó dà bí òkété, yóò wọ igbó lọ gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gba eléyìí. Inú àwọn téèpù àtijọ́ tí wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹpútà ló ti rí i.

"Màámá, ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara! Ọ̀gá wa ní òun ò gbọ́ elúlùú tó dún báyìí rí."

Òótọ́ ni ọ̀gá wọn sọ. Kì í ṣe elúlùú. Àṣàkẹ́ ni.

Abúlé kòkó baba mi wà lẹ́yìn Òkè-Ogbó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, níbi tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù gbà kan báyìí. Baba Àṣàkẹ́ kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Baba mi ló fún un ní ilẹ̀ tó ń ro. Èmi àti Àṣàkẹ́ jọ wà ní kíláàsì kan náà. Èmi ni mo máa ń ṣe ipò kejì, ẹ má bèèrè ẹni tó ń ṣe ìkíní. Bí Àṣàkẹ́ bá sín àparò jẹ, àparò á dá a lóhùn láti inú koríko. Bó bá ṣe bí ẹ̀gà, àwọn ẹ̀gà á máa bá a jà. Elúlùú nìkan ni èèwọ̀. Ẹni tó bá pe elúlùú ti pe òjò, bí kòkó tí à ń sá bá sì wà lórí ẹní, ìyà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ máa jẹ á tó pín fún ará ilé.

Ìgbà náà ni olùkọ́ yunifásítì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó gbé ẹ̀rọ téèpù kọ́ èjìká, ó fi nǹkan dúdú méjì bo etí, ó ń yọ́ rìn bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ. Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ là ń pè é. Ó ní sùúrù fún ẹyẹ ju fún èèyàn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá elúlùú, kò rí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí Àṣàkẹ́ bá òun pè é, bóyá ẹyẹ náà á jẹ́ ẹ. Kòkó wà lórí ẹní lọ́jọ́ náà. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé wọn.

Àṣàkẹ́ pè títí, igbó dákẹ́. Òjò ló jẹ́ ẹ.

Kí n tó sáré dé ilé, kòkó ti rin gbingbin. Ó bu, kò sí ẹni tó rà á. Àwọn tó wà lóko ti gbọ́ ìpè náà, wọ́n sì mọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kékeré baba mi pàtẹ́wọ́: "Ẹ wá wo elúlùú tó wọ yẹ̀rì!"

Baba mi bi Àṣàkẹ́ pé, "Ta ló rán ọ?"

"Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ ni, sà."

Ọkùnrin náà nu awò ojú rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Kí ni màá fi ohùn ọmọdé ṣe?"

Baba mi yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé ó ṣojú rẹ?"

"Rárá, Bàbá. Mi ò sí níbẹ̀. Ìdí kòkó ni mo wà, agbára mi ò ká ẹní náà ni."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, baba mi ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baba Àṣàkẹ́. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n gbà lọ. Àṣàkẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ adìẹ, kò wojú mi. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣewọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní. N kò tún gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kórìíra rẹ̀. Nígbà tó kú, gbogbo àdúgbò lọ sin ín, èmi ń fọ ìkòkò nílé.

Tọ́pẹ́ ní wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà kúrò nítorí ariwo èèyàn. Mo ní kó lọ mú odindi rẹ̀ wá. Ó mú un dé lọ́jọ́ kejì. Ohùn Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ ló kọ́kọ́ jáde: "Pè é sí i, Àṣàkẹ́. Kò sí òjò kankan." Mo fọwọ́ lu itan. Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ wàyí, òpùrọ́!

Àṣàkẹ́ ní, "Sà, kòkó wà níta o."

Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọdébìnrin mìíràn, tó ń rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ojo! Pè é jàre! Ṣebí ìwọ lo mọ gbogbo nǹkan ṣe?"

"Màámá," Tọ́pẹ́ bèèrè, "ta ni ọmọ kejì yìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ tún àkọsílẹ̀ téèpù náà kọ, nítorí elúlùú ni wọ́n kọ sí i.

Oko kòkó ti di ilé, baba mi àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti di erùpẹ̀. Elúlùú ṣì ń ké nínú igbó tó kù lẹ́yìn ilé mi. Òjò a máa rọ̀ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kì í rọ̀. Mo ní kí Tọ́pẹ́ pa orúkọ ẹyẹ rẹ́, kó kọ Àṣàkẹ́.

"Kọ orúkọ tèmi náà sí i," mo wí. "Kọ ọ́ pé mo wà níbẹ̀."