Ẹ̀rọ Tó Ń Tàpá Láyà Onígbàjámọ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń fá irùngbọ̀n fún nígbà tí ẹ̀rọ tó wà láyà òun onígbàjámọ̀ tàpá. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré náà sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, kó lè máa fi iná ta ọkàn rẹ̀ bó bá ń sáré àsápajúdé. Kíá ló ju abẹ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde lórí àga yẹn kí n jókòó."

Kó tó sọ tán, iná kejì gbé e lulẹ̀.

Kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Oògùn ò ràn án. Bí ẹ̀rọ bá tàpá, ẹ̀rù á bà á. Bí ẹ̀rù bá bà á, ọkàn á tún sáré. Ni ẹ̀rọ á bá tún tàpá.

"Ẹ bá mi yọ ọ́," ó ń bẹ̀ wọ́n. "Kí n kú lẹ́ẹ̀kan, kó tán."

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn! Ta lẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Dókítà obìnrin kan fà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, iṣan kan wà lọ́rùn yín tó ń pariwo 'sáré, sáré' sí ọkàn yín. A máa gún un lábẹ́rẹ́ kó kú tipiri fúngbà díẹ̀. Bí ọkàn bá rọlẹ̀, a ó wá fi iná jó ìyókù iṣan yẹn nínú àyà."

"Bí ò bá rọlẹ̀ ńkọ́?"

"A ó wá nǹkan mìíràn ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Wọ́n ní kó má mi ọrùn rárá, òun tó ti ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíràn láti ọgbọ̀n ọdún. Abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò. Nígbà tó yá, ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, dókítà sì ní àmì pé abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

"Nọ́ọ̀sì wo lẹ ń ṣẹ́jú sí níṣojú mi?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Lójijì ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń retí iná. Iná ò wá.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lu ihò kéékèèké sábẹ́ abíyá rẹ̀, wọ́n jó iṣan náà. Wákàtí mẹ́ta gbáko nìyàwó rẹ̀ fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omi ò kan ọ̀fun rẹ̀.

Láti oṣù mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ ti tàpá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í làágùn mọ́ nítorí iṣan tí wọ́n jó. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ nígbà míì, á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á gbọ́wọ́ lé àyà. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ìyàwó rẹ̀ á dúró gbagidi. Ó dìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá tún sọ̀rọ̀ kóun náà tó mí.