Ceinwen àti Ọ̀gá Àwọn Ọmọ Ààtàn

Gethin tó ń pín lẹ́tà ló gbé ìròyìn náà dé ẹnu ọ̀nà Ceinwen Pugh. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí rẹ̀ ti pá, ikùn sì ti yọ sí i lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ó na lẹ́tà owó iná sí i, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mísíìsì Pugh, ṣé ẹ ti gbọ́? Lionel Crace ti kú o."

"Crace wo? Crace yẹn?"

"Òun náà ni. Jẹjẹrẹ ni, ní London. Àná ló kú."

Ceinwen fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ nu ọwọ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún ọ̀bàyéjẹ́ lójú títì. Ó ní kó wọlé wá mu tíì. Gethin ní lẹ́tà ṣì kún inú àpò òun. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Irun mi aláwọ̀ ewé ìgbà yẹn, ṣé ẹ rántí?"

"Ta ló fẹ́ gbàgbé? Ìyá ẹ ò yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì fún odindi oṣù kan nítorí ìtìjú."

Ká má purọ́, Lionel Crace kì í ṣe ẹni tí gbogbo ayé ń dárò. Òun ni máníjà àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń kọ orin pọ́ńkì nígbà tí orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé, orúkọ tí wọ́n sì fún ara wọn kò ṣeé pè níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ọmọ Ààtàn. Wọn ò mọ gìtá ta. Wọ́n á fa aṣọ tó dáa ya, wọ́n á wá fi píìnì tí wọ́n fi ń de ìdí ọmọ jòjòló so ó padà. Àwọn tó fẹ́ràn wọn jù ló máa ń tutọ́ sí wọn lára lórí ìtàgé. Ìfẹ́ ni, ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ bá gbẹ délé mọ̀ pé òun ò rí ojúure. Crace ló rán wọn níṣẹ́ èébú tí wọ́n bú lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ìlú fi gbóná, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú fi ń ti gbọ̀ngàn mọ́ wọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá oògùn líle lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní Crace ló ti í.

Nítorí náà, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, gbogbo Cwmrhedyn, ìlú wọn ní Wales, ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Díákónì Haydn Treharne dúró ní ìsọ̀ alápatà, ó ní ọ̀run àpáàdì ti rí ayálégbé tuntun. Alápatà dáhùn pé kí wọ́n yáa tètè sin ín kó tó ta pósí ara rẹ̀. Wọ́n rí Ceinwen tó wọlé, wọ́n pariwo.

"Ceinwen, ìwọ lo borí o! Ọ̀tá ti ṣubú!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ra ẹran rẹ̀, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gun òkè lọ sílé, inú rẹ̀ kò dùn bí wọ́n ṣe rò. Ohun tó ń sọ sí i lọ́kàn ni òórùn bọ́ọ̀sì kan tí gíláàsì rẹ̀ bo fún ooru ẹnu àwọn obìnrin, àti kéèkì kékeré tí wọ́n yan lórí irin gbígbóná, tí ṣúgà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́. Àárò ayé ìgbà yẹn ló ń sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Ceinwen ṣáájú ìgbà yẹn kò ní gbà pé òun náà ni. Opó ni, ekuru èédú ti mú ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ohùn kejì ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, èyí tí wọ́n ń pè ní áltò, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, lẹ́yìn obìnrin kan tó sanra. Bí alápatà bá ju egungun sí i lórí ìwọ̀n dípò ẹran, á gbé e lọ sílé. Lọ́dún tí ilé sinimá Cwmrhedyn wá gbà kí Ọmọ Ààtàn ṣeré nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, pásítọ̀ bi ìjọ pé ta ló máa kó àwọn akọrin lọ síta láti fi orin ìsìn takò wọ́n. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà. Ceinwen kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó kàn rí i pé òun wà lórí ìdúró ni, ojú gbogbo ìjọ sì wà lára òun.

Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wo eré tò síwájú sinimá, wọ́n ti fi omi ṣúgà mú irun wọn dúró ṣánṣán. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dúró lódìkejì títì, wọ́n gbé orin. Àwọn ọmọ náà ń yẹ̀yẹ́ wọn: "Ẹ lọ sùn, ẹ̀yin àjẹ́! Ilẹ̀ ti ṣú o!" Àfi bó ṣe di ẹsẹ kejì, ni báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń kọ, bá dún láti àárín àwọn ọmọ onípíìnì. Gethin ni, tòun ti irun aláwọ̀ ewé. Ẹnìkan gba tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin tó ga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe? Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ wọn láti kékeré. Bí èèyàn bá gbé orin ní Cwmrhedyn, ẹnu a máa gbà á kí orí tó rò ó. Wọ́n á bú àwọn obìnrin náà láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, wọ́n á sì padà wá bá wọn gbe ègbè lásìkò. Ceinwen ń ju ọwọ́, ó ń darí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ pọ̀. Láyé rẹ̀, kò darí ẹgbẹ́ akọrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn oníwèé ìròyìn ń ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì.

Crace jáde síta, ọkùnrin kúkúrú kan tó wé ìborùn funfun gígùn mọ́rùn. Ó sọdá títì wá bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ máa wá lọ́la?"

"Lọ́la kẹ̀?"

"Ìlú kejì la máa lọ lọ́la. Àwọn alátakò tiwọn ò já mọ́ nǹkan, òkò nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ."

"Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́."

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ áltò yín dùn o."

Kò sí ẹni tó yin áltò Ceinwen rí, àní ọkọ rẹ̀ tó kú pàápàá. Ó gbé imú sókè, ó kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ́ Idwal Pugh, àpọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ ìgbàgbọ́ kan ti sanwó kí àwọn akọrin lè tẹ̀ lé àwọn ẹni ibi náà láti ìlú dé ìlú, ẹni náà kò sì fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Wọ́n yin Ọlọ́run, wọ́n wọ ọkọ̀. Ceinwen jókòó lẹ́yìn awakọ̀ nítorí èébì ọkọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lálaalẹ́ kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ tí wọn ò mọ̀: "Olúwa, bùkún un níbikíbi tó bá wà, jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbèrú." Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbèrú o! Níbikíbi tí àwọn obìnrin bá ti kọrin, fọ́tò á jáde, àwo orin Ọmọ Ààtàn á sì tà bí àkàrà.

Kí ìgbà ooru tó dé, Ceinwen ti di ìyàwó Idwal.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Gethin mú ìròyìn wá ni nǹkan bàjẹ́. Ceinwen ń bó ànàmọ́, Idwal wà nínú àga rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ òkú náà. Wọ́n ní kí aráyé gbọ́ ohùn Crace fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ohùn náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí àwọn ìyá olórin ìsìn ní Wales? Èmi ni mo ń sanwó bọ́ọ̀sì wọn! Àwọn ni ìpolówó tó dáa jù tí mo rà rí—"

Idwal, tí orúnkún rẹ̀ máa ń dúnàádúrà kó tó dìde, fò sókè, ó pa rédíò. Bó ṣe yára yẹn ni Ceinwen fi mọ̀.

"O mọ̀."

"Ceinwen..."

"Idwal, mo ní o mọ̀!"

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n sọ fún mi ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wa."

"O sì jókòó sídìí ọkọ̀, ò ń ṣe àmín sí àdúrà wa?"

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo máa ń ṣe é."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Ceinwen ì bá rẹ́rìn-ín. Ó ju ọ̀bẹ sínú omi.

"Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ìgboyà ṣe nílé ayé mi nìyẹn. Ẹyọ kan! Mo rò pé èmi ni mo dìde. Àṣé ọjà ni mí lórí àtẹ ọkùnrin yẹn, ìwọ lo sì ń bá a rù mí kiri."

Ọ̀rọ̀ parí. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, kò bá a sọ nǹkan kan. Ó yọ fọ́tò alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kúrò lára ògiri, ojú ibẹ̀ wá ṣófo. Ọmọbìnrin kan pè é láti ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Cardiff, ó ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu obìnrin tó darí àwọn akọrin. Ceinwen ní kó tún pè lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti pinnu ohun tó máa wí. Ó máa ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí.

Ní Sátidé, Idwal kò lè fara dà á mọ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìlú tó kẹ́yìn, ṣé o rántí ibẹ̀?"

Ceinwen rántí. Òjò dídì ń já. Òtútù ti dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin dúbúlẹ̀, ó wá ku òun àti àwọn mẹ́ta. Kò sí oníwèé ìròyìn kankan. Wọ́n kọ gbogbo orin tí wọ́n mọ̀, àwọn ọmọ onípíìnì sì ń fún wọn ní ànàmọ́ díndín nínú ìwé kí ọwọ́ wọn lè móoru. Láyé rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn tó ti ọjọ́ yẹn rí.

"Crace ò sanwó ọjọ́ yẹn," Idwal wí. "Ó ti pe ọ́fíìsì láàárọ̀, ó ní òun ò fẹ́ yín mọ́, pé ọ̀rọ̀ yín ti sú àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n ní kí n gbé bọ́ọ̀sì lọ sí gáréèjì."

Ceinwen yíjú sí i. "O gbé e wá."

"O ti sọ fún mi pé bí ò bá sí ọkọ̀, wàá fẹsẹ̀ rìn. Mo sì mọ̀ pé wàá rìn ín lóòótọ́. Ní ṣókí, mo jí bọ́ọ̀sì gbé. Crace jáde síta, ó rí yín, ẹnu yà á. Ó bi mí pé ta ló sanwó. Mo ní kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ó dúró nínú òjò dídì yẹn títí ẹ fi kọrin tán, ó wá wọlé."

"Àwọn ọ́fíìsì ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Wọ́n lé mi."

"O sọ fún mi pé ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́ tí o fi fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀!"

"Nǹkan kan ò ṣe ẹ̀yìn mi rí."

Ceinwen di ibi ìfọwọ́ mú. "Gbogbo òróró tí mo fi pa ẹ̀yìn yẹn, Idwal! Ọdọọdún, bí òtútù bá ti dé!"

"Ọwọ́ ẹ máa ń tù mí lára," Idwal wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé kí o má pa á mọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù fi dún. Ceinwen gbé e. Ọmọbìnrin Cardiff yẹn ni.

"Mísíìsì Pugh, ṣé inú ò bí yín pé ó lò yín?"

"Ó bí mi o! Ó ṣì ń bí mi. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé ibi tí wọ́n ti máa sin ín, òdìkejì títì ni màá dúró sí, màá sì kọrin takò ó títí dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Ó ra wá, òótọ́ ni. Àmọ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò ra ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ká ní ẹ rí i báyìí, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ceinwen wo ọkọ rẹ̀. Idwal ti kọjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, etí rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Ẹ bá mi sọ fún un," ó ní, "pé Ceinwen dúpẹ́ ọkọ̀."